Géèmù Háyà Tó Kó Wa Jọ ní Àbújá

(Orin ìbẹ̀rẹ̀ á dún, á wá lọ sílẹ̀.)

   

Ọ̀rọ̀ géèmù ni mo gbé wá lálẹ́ yìí. Kì í ṣe èyí tí ọmọ ń tẹ̀ lórí fóònù lábẹ́ aṣọ ìbora. Géèmù àtijọ́ ni, èyí tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, tí a ń háyà, tí a gbọ́dọ̀ sanwó ká tó fọwọ́ kan páàdì rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Nítorí pé kò sí ẹni tó lágbára láti dá a ní láàárín wa ló fi di ti gbogbo wa. Nǹkan tó fún wa nígbà náà, àwọn ọmọ wa ń pàdánù rẹ̀ lónìí, ọwọ́ wa ló sì wà láti dá a padà fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ọdún 1976. Ní oṣù Kejì ọdún náà, ìjọba ológun Ọ̀gágun Murtala Muhammed gbé Òfin Kẹfà jáde, òfin tó ya ilẹ̀ Àbújá tí a wà yìí sọ́tọ̀ fún olú-ìlú tuntun. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ Fairchild gbé ẹ̀rọ géèmù kan jáde tí wọ́n wá ń pè ní Channel F. Kí ẹ̀rọ yìí tó dé, géèmù tí wọ́n bá ti kọ́ mọ́ inú ẹ̀rọ ni onítọ̀hún ń gbá. Bó bá sú u, kó gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá. Channel F ló kọ́kọ́ gbé kásẹ́ẹ̀tì tó ṣe é yọ dé, tí géèmù ń gbé inú rẹ̀. Èèyàn á yọ ọ̀kan, á ti òmíràn bọ̀ ọ́, eré tuntun ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ṣé ẹ mọ ẹni tó darí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó ṣe é? Aláwọ̀ dúdú ni. Gerald Lawson lorúkọ rẹ̀, Jerry làwọn èèyàn ń pè é. Brooklyn ní New York ni wọ́n bí i sí ní 1940, iṣẹ́ títún tẹlifíṣọ̀n ṣe ló sì fi ń wówó nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Ó ṣaláìsí ní 2011. Orúkọ rẹ̀ kò tíì dé etí ọ̀pọ̀ nínú wa, bẹ́ẹ̀ òun ló la ọ̀nà tí gbogbo wa rìn. Bí kásẹ́ẹ̀tì ò bá ṣe é yọ, kí la fẹ́ máa háyà? Ta ni ì bá ra ẹ̀rọ mẹ́wàá nítorí géèmù mẹ́wàá?

Iléeṣẹ́ Nintendo ti ilẹ̀ Japan ló wá sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Wọ́n gbé Famicom jáde ní 1983, Super Mario Bros. sì tẹ̀ lé e ní 1985. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ní Nàìjíríà kì í ṣe ojúlówó Famicom. Àfarawé rẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Taiwan àti ní Ṣáínà ló ń gba ọjà Alaba l'Ékòó wọlé, àwa ń pè é ní TV géèmù. Wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà sára kásẹ́ẹ̀tì pé géèmù 9,999 ló wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá tan án, ẹ ó rí i pé géèmù mélòó kan náà ni wọ́n ń tò lọ tò bọ̀ lábẹ́ oríṣiríṣi orúkọ. Síbẹ̀, inú wa ń dùn sí i.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991, Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé ìjọba kúrò l'Ékòó wá sí Àbújá. Bí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ṣe ń kó bọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ lé wọn tẹrù-tọmọ, wọ́n ń wọ Garki, Karu, Nyanya àti Kubwa. Nínú àwọn ẹrù yẹn, láàárín ìkòkò àti bẹ́ẹ̀dì, TV géèmù wà níbẹ̀. Ọmọ tó ti Surulere wá, èyí tó ti Ìbàdàn wá, èyí tó ti Makurdi tàbí Kano tàbí Enugu wá, wọ́n bá ara wọn nílùú tí wọn ò mọ ẹnì kan. Ìlú tó tóbi ni Àbújá, àmọ́ kò sí agboolé tí ọmọ lè sá lọ, kò sí ilé ìyá àgbà ní ìkóríta kejì. Àwọn ará Gbagyi àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí wọ́n nilẹ̀ nìkan ló lè sọ pé ojúde baba àwọn nìyí. Àwa yòókù, àtọ̀húnrìnwá ni wá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ irú wa ti wá mọ ara wọn ni ilé géèmù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ kò bá a láyé. Pákó àti páànù ni wọ́n fi kan ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn sì jẹ́ ṣọ́ọ̀bù kékeré tí bọ̀ọ̀dá kan gbà. Tẹlifíṣọ̀n onínṣì 14 méjì tàbí mẹ́ta wà lórí tábìlì, stabilizer wà nísàlẹ̀, bẹ́ǹṣì onípákó wà níwájú wọn. Lẹ́yìn ilé, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo Nàìjíríà ń pè ní "I better pass my neighbour" ń pariwo. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye owó sára ògiri: ₦20 nígbà kan, nígbà tó yá ó di ₦50. Òfin ibẹ̀ kò gùn. Ẹni tó bá borí ń jókòó, ẹni tí wọ́n bá nà ń sanwó, á sì dìde fún ẹni tó kàn.

Bí àwòrán bá ń já, tí ojú tẹlifíṣọ̀n kàn ń ṣẹ́jú, bọ̀ọ̀dá onígéèmù á fa kásẹ́ẹ̀tì yọ. Á fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu rẹ̀, fúù. Á nù ún mọ́ ẹ̀wù, á tì í padà, á tẹ bọ́tìnnì. Bí àwòrán bá jáde, igbe ayọ̀ á sọ. Gbogbo wa la gbà pé atẹ́gùn ẹnu ló tún un ṣe. Àṣé yíyọ tí wọ́n yọ ọ́ tí wọ́n tún tì í bọ̀ ọ́ ni, ìyẹn ló ń jẹ́ kí eyín bàbà ara kásẹ́ẹ̀tì fara kan ti inú ẹ̀rọ dáadáa. Omi tó wà nínú èémí wa gan-an ló ń mú kí bàbà náà dípẹtà, Nintendo fúnra rẹ̀ sì kìlọ̀ pé kí àwọn èèyàn má ṣe fẹnu fẹ́ ẹ mọ́. Àwọn bọ̀ọ̀dá tó mọṣẹ́ dunjú, òwú àti spirit ni wọ́n fi ń nù ún.

Géèmù kan wà tí wọ́n ń pè ní Contra. Ológun méjì ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín lẹ jọ ń jà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀mí mẹ́ta péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, ó sì ń tètè tán. Àmọ́ àṣírí kan wà. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tí ẹ bá tẹ òkè, òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, B, A, ẹ̀mí mẹ́ta á di 30. Kazuhisa Hashimoto, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ Konami, ló kọ́kọ́ fi àṣírí yẹn sínú géèmù Gradius ní 1986. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì nílé wa nígbà náà, a kì í ra ìwé ìròyìn géèmù, síbẹ̀ ọmọdé ní Kubwa mọ̀ ọ́n lórí. Ẹnu ló gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á sọ ọ́ sétí ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ á sọ fún àbúrò, ó sì di ti gbogbo àdúgbò.

Adùn tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni háyà lọ sílé. Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráídè, ẹ ó sanwó, ẹ ó sì fi nǹkan dógò: aago ọwọ́, rédíò kékeré, tàbí kí bàbá tàbí ìyá yín wá dúró fún yín. Inú àpò ọ̀rá ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ sí: ẹ̀rọ, páàdì méjì, adápítọ̀, okùn tí a ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kásẹ́ẹ̀tì méjì. Bọ̀ọ̀dá onígéèmù á kà wọ́n níṣojú yín, á sì tún wọn kà nígbà tí ẹ bá kó wọn padà lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Láàárín ọjọ́ méjèèjì yẹn, àdúrà wa ni pé kí NEPA má mú iná lọ.

Owó háyà yẹn kì í ṣe ti ẹnì kan. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Ọmọ tó ní ₦10 á mú un wá. Èyí tí kò lówó á mú gààrí àti ẹ̀pà wá. Èyí tí tẹlifíṣọ̀n ilé wọn tóbi á lọ bẹ ìyá rẹ̀ kó fún wa láyè ní pálọ̀. Èyí tí bàbá rẹ̀ ní jẹnẹrétọ̀ á wá bí yóò ṣe rí bẹtiróò. Kò sí ẹni tó wá lọ́wọ́ òfo, kò sì sí ẹni tí wọ́n lé. Bí a bá ka iye ọmọ tó jókòó, a ó pín wákàtí láàárín ara wa. Ọmọ tó bá fẹ́ rẹ́ ẹlòmíràn jẹ, gbogbo ilé á dá a lẹ́jọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí bí àwọn ọmọdé ṣe lè ṣòfin fúnra wọn, kí wọ́n sì pa á mọ́ láìsí àgbà nítòsí.

Àwọn tó ń ṣe géèmù kò fẹ́ràn háyà rárá. Ní Japan, òfin àṣẹ lórí ohun tí èèyàn ṣe ti dínà rẹ̀ láti 1984. Ní Amẹ́ríkà, Nintendo gbé Blockbuster, iléeṣẹ́ tó ń háyà fíìmù àti géèmù, lọ sílé ẹjọ́ ní 1989 nítorí pé wọ́n ń da ìwé ìlò géèmù kọ. Nígbà tó di 1990 tí wọ́n ṣòfin tó ka háyà sọ́fítíwíà kọ̀ǹpútà léèwọ̀ níbẹ̀, wọ́n yọ géèmù orí tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, háyà rẹ̀ sì ń lọ ní pẹrẹu. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ohun tí èèyàn lè gbé fún ẹlòmíràn lágbára kan tí olówó rẹ̀ kò lè fi gbogbo ara ṣàkóso.

Lẹ́yìn náà ni PlayStation dé. Èkíní jáde ní Japan ní oṣù Kejìlá 1994, PlayStation 2 sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹta 2000. Títí wọ́n fi dáwọ́ ṣíṣe PS2 dúró ní 2013, ó ti tà ju mílíọ̀nù 155 lọ káàkiri ayé. Kásẹ́ẹ̀tì kógbá wọlé, pléètì gba ipò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ lo PlayStation àkọ́kọ́, ẹ ó rántí pé nígbà tó bá dàgbà, tí kò bá ka pléètì mọ́, ńṣe ni a ń dojú rẹ̀ délẹ̀ tàbí ká fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ọgbọ́n gidi nìyẹn. Ike ni wọ́n fi ṣe ibi tí iná léésà ń rìn lé nínú àwọn tó kọ́kọ́ jáde, ooru inú ẹ̀rọ sì ń jẹ ẹ́, léésà á wá rọ̀ sílẹ̀. Tí a bá dojú ẹ̀rọ dé, á padà sún mọ́ pléètì.

Géèmù bọ́ọ̀lù ló wá gba gbogbo ilé géèmù, pàápàá Winning Eleven ti Konami, tó tún ń jẹ́ Pro Evolution Soccer. Pléètì tó wà lọ́jà, àdàkọ ló pọ̀ jù nínú wọn, èdè Japan ló sì kún inú ọ̀pọ̀. Kò sí ẹni tó lè kà á nínú wa, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ṣìnà. A mọ̀ pé ìlà kẹta ni ibi tí a ti ń yan àkókò, pé ti ìsàlẹ̀ pátápátá ni a fi ń jáde. Asọ̀tàn bọ́ọ̀lù á máa fi èdè Japan kígbe góòlù, àwa náà á máa bá a kígbe. Konami kò rí àṣẹ gbà láti lo orúkọ gbogbo ẹgbẹ́, ìdí nìyẹn tí Liverpool fi ń jẹ́ Merseyside Red nínú àwọn ẹ̀dà rẹ̀ kan, tí Chelsea ń jẹ́ London FC. Ẹni tó bá mú agbábọ́ọ̀lù tó ń jẹ́ Adriano nínú ẹ̀dà 2006, kí ẹ má jẹ́ kó rí àyè ta bọ́ọ̀lù o, agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 99.

Bí a ṣe ń jókòó yí tẹlifíṣọ̀n ká nígbà náà kò yàtọ̀ sí bí àwọn bàbá wa ṣe ń jókòó yí ọpọ́n ayò ká. Èèyàn méjì péré ló ń ta ayò, àmọ́ gbogbo òǹwòran ló ń ta á pẹ̀lú ẹnu. Ọ̀ta ń fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀pẹ ń fara dà á nítorí pé ibẹ̀ ló ti ń kọ́ ọwọ́. Ó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lórí bẹ́ǹṣì. Ọmọ tí wọ́n ti nà ní góòlù márùn-ún kò ní lọ sílé. Á dúró lẹ́yìn ọ̀ta, á máa wo ìka rẹ̀, títí ọwọ́ tirẹ̀ náà á fi yá. Bó ṣe ń wo ìka, etí rẹ̀ ń kọ́ èdè. Ọmọ Yorùbá ń fi Hausa ka góòlù, ọmọ Igbo ń pariwo "Olódo!" mọ́ ẹni tó ṣi bọ́ọ̀lù gbá, ọmọ Tiv àti ọmọ Gbagyi ń fi Pijin ṣe alágàta láàárín wọn. Kò sí olùkọ́ tó kọ́ wa, kò sì sí ẹni tó ní ká wá ṣe ìṣọ̀kan.

Mi ò sọ pé kò ní àléébù. Ó ní. Owó búrẹ́dì àti owó ọkọ̀ wọ ibẹ̀ lọ. Àwọn kan sá kúrò ní kíláàsì nítorí rẹ̀. Níbòmíràn, wọ́n ń ta tẹ́tẹ́ lórí eré, èyí sì dá ìjà sílẹ̀. Òbí tó fi ẹgba wá ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé géèmù kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n àwọn bọ̀ọ̀dá onígéèmù kan wà tí wọ́n ní ìwà. Ẹni tó bá wọ yúnífọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ wọlé, bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, wọ́n á lé àwọn ọmọ kéékèèké sílé. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ bá òbí tọ́mọ láìgba owó lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló tú ilé géèmù ká. Láàárín 2003 sí 2007, nígbà tí Nasir El-Rufai jẹ́ mínísítà olú-ìlú, ìjọba fẹ́ dá ìlú padà sí bí wọ́n ṣe yà á, katapílà sì wó ọ̀pọ̀ ilé àti ìsọ̀ tí kò sí nínú àwòrán. Ìsọ̀ onípákó kì í dúró níwájú katapílà. Lẹ́yìn náà ni bẹtiróò gbówó lérí. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní 2023, jálá kan ní Àbújá di ₦617 nínú oṣù Keje ọdún yẹn. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ tan tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta, kí ló fẹ́ rí jẹ? Ilé géèmù ṣì wà o, PS4 àti PS5 wà nínú wọn, ẹ ó sì rí ẹ̀rọ tuntun rà ní Banex Plaza ní Wuse 2. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ, inú fóònù ni géèmù tiwọn wà. Wọ́n ń bá ẹni tí wọn ò rí ojú rẹ̀ gbá, nínú yàrá, láwọn nìkan.

Èyí ló ń dùn mí. Fóònù kò ní páàdì kejì. Ọmọ kò lè sọ fún ọmọ aládùúgbò pé, "Jókòó, ó kàn ẹ́." Géèmù tuntun náà kò ṣe é yá ẹlòmíràn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, ìgbà tó bá sì wu oníṣòwò ló lè tì í pa. Ní oṣù Kẹta 2023, Nintendo ti ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ẹ̀rọ géèmù rẹ̀, Wii U àti 3DS, pa. Ní ọdún yẹn kan náà, àjọ Video Game History Foundation ṣèwádìí ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí i pé nínú 100 géèmù àtijọ́ tó jáde níbẹ̀ ṣáájú 2010, 87 ni èèyàn kò lè rí rà lọ́jà mọ́. Bí tiwọn bá rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ilé àkójọ wọn, tiwa ńkọ́? Baban bola, àwọn tó ń ṣa àlòkù kiri àdúgbò, ti gbé tiwa lọ pẹ̀lú irin àti ike.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín. Ìkíní, ẹni tó bá ṣì ní TV géèmù, Sega tàbí PlayStation àtijọ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ má jù ú nù. Ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe kí wọ́n nù ún, kí wọ́n wò ó. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ìkejì, ẹ̀yin òbí, ẹ má fi òfin nìkan gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, ẹ fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ní ọ̀sán Sátidé, ẹ so ẹ̀rọ mọ́ tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, páàdì méjì, kí ẹ pe àwọn ọmọ aládùúgbò wọlé, kí ẹ sì fún wọn ní òfin àtijọ́ yẹn: ẹni tó borí jókòó, ẹni tí wọ́n nà dìde. Ẹ bá wọn gbá a. Ẹ jẹ́ kí wọ́n nà yín.

Ìkẹta, ẹ̀yin tí ẹ wà nípò ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà nínú olú-ìlú yìí, láti AMAC títí dé Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti Abaji: ọmọ nílò ibi ìgbafẹ́ tí kò ná bàbá rẹ̀ lówó púpọ̀. Yàrá kan nínú gbọ̀ngàn ìlú, pẹ̀lú iná sólà, tẹlifíṣọ̀n díẹ̀ àti àgbàlagbà kan tó mọ ọmọ tọ́, ó ti tó. Ilé-ìkàwé Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n gbé iṣẹ́ kíkọ́ rẹ̀ síta ní 2006 ní àárín gbùngbùn Àbújá, ó yẹ kí ó ní igun kan tí ọmọ ti lè fojú rí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, kó sì ka orúkọ Jerry Lawson níbẹ̀, kó mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀ ló ṣíwájú.

Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá onígéèmù ìgbà náà, níbikíbi tí ẹ bá wà, ẹ ṣeun. Ẹ fún ọmọ àlejò ní ibi tó ti di ọmọ àdúgbò. Ẹ̀yin tí ẹ sì gbọ́ mi lálẹ́ yìí, Sátidé ń bọ̀. Ẹ pe ẹnì kan wá gbá géèmù nílé yín.

 

(Orin á gbé sókè, á parí ètò.)